Mo ra sẹ́ẹ̀tì lacrosse fún kíláàsì P.E. mi: ẹ wo àpò igi yẹn kí ẹ tó bá ọmọ wí

Sítáà 3 nínú 5. Ọjà náà ò burú pátápátá o, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi mú mi bá ọmọ ọlọ́mọ wí lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi wọn, inú sì ṣì ń bí mi díẹ̀, torí náà ẹ bá mi fara dà á tí mo bá sọ̀rọ̀ gùn.

Tíṣà P.E. (eré ìdárayá) ni mí ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn ọmọ ọdún 11 sí 14 ni mò ń kọ́. Ẹni tó bá ti gbé Maryland á mọ̀ pé lacrosse kì í ṣe eré kékeré níbí, ní 2004 ni wọ́n tiẹ̀ fi òfin sọ ọ́ di eré ẹlẹ́gbẹ́ ti ìpínlẹ̀ yìí, ilé ìrántí àwọn ọ̀jẹ̀ eré náà wà ní Sparks, kò jìnnà sí Baltimore, Johns Hopkins tí gbogbo ayé sì mọ̀ mọ́ dókítà àti ọsibítù, àwọn ará ibí mọ̀ ọ́n mọ́ lacrosse bákan náà. Iléèwé tèmi wá kì í ṣe ti ọmọ olówó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, àti àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kún àdúgbò yìí fọ́fọ́, ìta ni wọ́n ti ń rí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó gbé igi yẹn kọ́ èjìká, àwọn fúnra wọn ò fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí ọ̀gá wa wá sọ pé owó díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì wa, kó tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti ní lacrosse ni ká ra.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: igi gígùn ni, orí ẹ̀ ní àwọ̀n tó rọ̀ sísàlẹ̀ bí àpò, inú àpò yẹn ni bọ́ọ̀lù ń gbé, igi yẹn lo fi ń hán an, òun lo fi ń gbé e sáré, òun náà lo fi ń jù ú sí gólì, ọwọ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ kan bọ́ọ̀lù àfi tó o bá jẹ́ gólíkípà. Gólì gidi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gíga, ẹsẹ̀ bàtà 6 ní fífẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì tí mo rà, ti kíláàsì ni wọ́n dìídì dì í fún. Igi 24 (pupa 12, búlúù 12), bọ́ọ̀lù rírọ̀ 30, gólì kékeré 2 tó ṣeé ká, aṣọ tapólì kan tí wọ́n lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí èèyàn á kọ́ sí ojú gólì kí àwọn ọmọ máa fi tajú sí, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n ya àwòrán bí wọ́n ṣe ń jù ú sí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwọn sẹ́ẹ̀tì yìí jọra wọn bí ìbejì, ohun tí mo fẹ́ sọ á wúlò fún ẹ èyíówù kó o rà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n. Igi náà fúyẹ́, ọmọ ọdún 11 gbé e láìsí wàhálà, a ti jù wọ́n sílẹ̀, a ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ọmọkùnrin kan ti fi tiẹ̀ ṣe gìtá, ìkankan ò tíì dá. Orí wọn jẹ́ rọ́bà tó nípọn. Báàgì tí wọ́n kó o sí náà gbó ṣáṣá, síìpù ẹ̀ ṣì ń lọ geere.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí orí jíjù gan-an, torí òun ni mo ṣe rà á.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn rèé. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mi ò kì í fi apá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kó kọ sí gólì, kó má kọ àyà sí i. Ọwọ́ òsì á wà ní ìdí igi pátápátá, ọwọ́ ọ̀tún á wà lókè, àlàfo àárín wọn á tó rúlà kan. Kí ọwọ́ méjèèjì jìnnà sí ara, kí ìgúnpá gbé sókè, kí orí igi wà lẹ́yìn etí. Ẹsẹ̀ òsì á wá lọ síwájú, ìbàdí á kọ́kọ́ yí, èjìká á tẹ̀ lé e, ọwọ́ ló máa dé kẹ́yìn. Ọwọ́ òkè ń tì, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń fà á bọ̀ síhà ara, ọrùn ọwọ́ á já a lẹ́ẹ̀kan náà, orí igi á wá parí sí ibi tí bọ́ọ̀lù lọ. Ẹni tó bá ti fi àáké la igi rí, ó ti mọ ìdajì nínú ẹ̀. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀kọ̀ ni mo máa ń jù ní inter-house, kò sì yàtọ̀, ẹni tó bá fi apá nìkan jù ú, apá nìkan ló máa dùn ún lálẹ́.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ọmọ á dojú kọ gólì gbọnrangandan, á wá máa fi igi ti bọ́ọ̀lù bí ẹni ń fi ṣọ́bìrì da iyẹ̀pẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọkùnrin ni, wọ́n á fẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ jù ú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ torí pé wọ́n rí i lórí fóònù, bí ẹni ń da omi ìfọṣọ nù ní ẹ̀yìnkùlé, bọ́ọ̀lù á wá lọ bá ẹni tó ń mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jù ú láti òkè wá ná, ìyẹn ló rọrùn láti darí. Wọ́n á ní ṣùgbọ́n Paul Rabil ńkọ́, ẹni tí wọ́n wọn bọ́ọ̀lù tó jù ní máìlì 111 ní wákàtí kan (mọ́tò tó bá sá eré yẹn lórí Beltway, pọ́lísì á mú un ni), màá ní ẹ lọ wò ó dáadáa, ẹ dáwọ́ fíìmù yẹn dúró ní àárín, ẹ wo ibi tí ìbàdí ẹ̀ ti dé nígbà tí igi ṣì wà lẹ́yìn.

Àpò igi yìí, iṣẹ́ kànnàkànnà ló ń ṣe. Àkókò tí òkúta kúrò nínú kànnàkànnà ló ń sọ ibi tó máa lọ. Tí bọ́ọ̀lù bá tètè kúrò nínú àpò, òfuurufú ló ń lọ. Tó bá pẹ́ jù, ilẹ̀ ló ń lọ bá. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Mo pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méjì, pupa àti búlúù, kí ó má baà sí ìjà lórí igi, olúkúlùkù di tiẹ̀ mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ pupa ń jù ú sí gólì, ẹgbẹ́ búlúù ń jù ú mọ́lẹ̀. Gbì! ní iwájú ẹsẹ̀ ara wọn. Mo ní ẹ gbé ìgúnpá sókè. Gbì! Mo ní ẹ má di igi mú bí ẹni fẹ́ pa ejò, ẹ dẹ ọwọ́. Gbì! Ọ̀sẹ̀ kejì mo mú wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní kí wọ́n máa jù ú mọ́ ògiri kí wọ́n máa hán an, ìgbà 50 fún ọwọ́ ọ̀tún, 50 fún òsì, bẹ́ẹ̀ àwọn pupa ń ṣeré gidi lọ ní tiwọn. Mo ti ń sọ ọ́ sí ọkàn ara mi pé ẹgbẹ́ búlúù yìí, àwọn ọlẹ ló bọ́ sí ibẹ̀. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ o.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, ìyá ẹ̀ nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó wá mú un, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. “Tíṣà, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, eré onígi tí ẹ ń kọ́ wọn yìí, ṣé kò ní fọ́ ọmọ mi lójú báyìí?” Mo ní rárá mà, bọ́ọ̀lù wa rọ̀, a ò sì gbà kẹ́nikẹ́ni kọjá iwájú ìlà tí ẹnì kan bá ṣì ń jù ú. Ó ní, “Ẹ ṣeun sà. Torí ó ní kí n kọ ìwé wá pé ẹsẹ̀ ń dun òun. Ẹsẹ̀ ò sì dùn ún, mo mọ ọmọ mi.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ mọ́tò tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Ọmọ tó máa ń kọ́kọ́ dé jíìmù ni o.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè tó tẹ̀ lé e ni àṣírí tú. Ọmọbìnrin kan wà ní ẹgbẹ́ pupa tó ń ṣe lacrosse ní kílọ́ọ̀bù níta, jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló máa ń ṣe. Ọjọ́ yẹn ó gbàgbé igi ẹ̀ sí kíláàsì míì, mo ní kó mú búlúù kan lò. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan, gbì, ilẹ̀. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kejì, ilẹ̀. Kò wo apá ẹ̀ o, kò wo ẹsẹ̀ ẹ̀, igi yẹn ló gbé sókè dọ́gba pẹ̀lú ojú, ó fi bọ́ọ̀lù sínú àpò ẹ̀, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wò ó bí ìyá mi ṣe máa ń gbé ẹyin sójú oòrùn kó tó sanwó. Ó wá ní, “Mister, àpò yìí ti jìn jù.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ wọnú ilẹ̀.

Torí mo mọ òfin yẹn! Ní eré àwọn ọkùnrin, tí o bá gbé igi dé ojú, tí òkè bọ́ọ̀lù bá ti lọ sílẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ orí igi, igi yẹn ti lòdì sófin. Ti àwọn obìnrin tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀, òkè bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yọ sókè kọjá ẹ̀gbẹ́ orí igi ni. Àpò tó bá jìn, bọ́ọ̀lù á pẹ́ nínú ẹ̀, á tún kọ́ okùn òkè kó tó jáde, kò sóhun tí ọmọ lè fi ìgúnpá ṣe sí i. Mo kó gbogbo igi jọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo fi bọ́ọ̀lù wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa 12, gbogbo wọn dáa. Búlúù 12, mẹ́sàn-án ló jìn bí kòtò. Ó dà bíi pé ẹni tó hun pupa kọ́ ló hun búlúù, tàbí wọ́n hun búlúù nígbà tí iṣẹ́ ti sú wọn.

Mo kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ sílé lálẹ́ Fúráìdeè. A tú okùn ìdí àwọ̀n, a fà á mọ́ra kí àpò gbé sókè, a tún un so, okùn tó dábùú orí àwọ̀n níbi tí bọ́ọ̀lù ń gbà jáde, èyí tó bá le jù a dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Mo sọ pé “a” torí ìyàwó mi ló ṣe é jù. Ó kọ́kọ́ ní ṣé iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó fún mi nìyí, ó wá jókòó, ó wo ọ̀kan, ó ní ẹ̀n-ẹ́n, irun dídì ni kẹ̀. Kí n tó so méjì ó ti so mẹ́fà, ó tún ní kí n fún òun ní ẹ̀kẹsàn-án torí mò ń fi ṣeré.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búlúù níwájú gbogbo kíláàsì. Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, tíṣà kì í bẹ ọmọ iléèwé, àmọ́ mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n mú igi, wọ́n jù ú, bọ́ọ̀lù ń lọ sí gólì. Kì í ṣe gbogbo wọn o, àwọn mẹ́ta ṣì ń jù ú mọ́lẹ̀, ti àwọn yẹn wá jẹ́ ọwọ́ lóòótọ́, ọwọ́ òkè wọn ti sún mọ́ ti ìsàlẹ̀ jù, èyí sì ṣeé tún ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí igi ò bá ní àbùkù. Ọmọ Ìjẹ̀bú yẹn ò sí nínú àwọn mẹ́ta náà. Ihò igun òkè lápá òsì ló gbà, ó yíjú wò mí, mo ṣe bíi pé mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù lacrosse gidi, rọ́bà líle tó ki ni, ó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 145, ó lè gba eyín lẹ́nu èèyàn, kò sẹ́ni tó máa kó o wọ jíìmù láìsí akoto. Torí náà ó yé mi pé rírọ̀ ni wọ́n fi sí i. Ṣùgbọ́n tiwọn yìí ò nínú, ó fúyẹ́ bí pọfupọ́ọ̀fù. Ọmọ tó ń ṣe ṣọ́bìrì á ṣe ṣọ́bìrì ẹ̀, bọ́ọ̀lù á ṣì dé gólì, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tó bá di bọ́ọ̀lù gidi mú kò ní dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń tà fún ìdánrawò, tó rọ̀ díẹ̀ tí kì í ta padà, tó sì wúwo bíi ti gidi, mo fi owó ara mi ra méjìlá. A máa ń fi tiwọn ṣe ọ̀sẹ̀ kìíní, láti ọ̀sẹ̀ kejì mo máa ń gbé ti ìdánrawò síta, mo máa ń ní kí wọ́n wọ gọ́gù ojú, ojú gólì tí kò sí gólíkípà ni a sì máa ń jù ú sí. Ohun míì ni pé bọ́ọ̀lù tí kò nínú yìí, tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní jíjù tó ń fi ilẹ̀ ta wọlé, tí bọ́ọ̀lù á kanlẹ̀ ní iwájú gólíkípà kó tó wọlé, ẹ gbàgbé ẹ̀, lórí pákó jíìmù á fò dé òrùlé.

Gólì kékeré yẹn, ìfàkókòṣòfò ni. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré, ó ti dojú dé. Mo fi àpò iyanrìn méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Aṣọ tapólì oníhò ló dùn mọ́ mi nínú jù. Tí o bá sọ fún ọmọ pé kó jù ú sí gólì, àárín ló máa jù ú sí, àyà gólíkípà gan-an. Tí o bá fi ihò hàn án, ihò ló máa wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo pa ihò méjì ti òkè dé, ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jù ú sí, lọ́jọ́ kejì mo ṣí òkè, kíláàsì mi tó máa ń pariwo bí ọjà Bódìjà dákẹ́ rọ́rọ́, olúkúlùkù ń ka iye tiẹ̀. Ọ̀kan nínú ojú ihò tí wọ́n fi so ó já ní oṣù kejì, mo fi okùn búlúù tó ṣẹ́ kù rán an.

Káàdì wọn ńkọ́? Ẹ jù ú nù. Ọmọ inú àwòrán yẹn kọ àyà sí gólì, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ó ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ohun tó dùn mí jù nínú káàdì yẹn ni pé wọ́n kọ ojú ìwé odindi kan nípa “ìtàn eré yìí”, 1867 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí Beers, dókítà eyín ará Montreal, kọ òfin ẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé òun ló bí i. Àwọn Haudenosaunee àtàwọn ọmọ onílẹ̀ míì ní apá ibẹ̀ ti ń ṣe é tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé, igi hickory tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe igi ẹ̀, eré Ẹlẹ́dàá ni wọ́n ń pè é, ẹ̀bẹ̀ àti ìwòsàn wà nínú ẹ̀. Títí dòní wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn tó ń bá orílẹ̀-èdè figagbága. Ní 2010 wọ́n fẹ́ lọ sí ìdíje àgbáyé ní Manchester, wọ́n mú páálí ìrìnnà orílẹ̀-èdè tiwọn dání, ìjọba Bìrìtìkó ní àwọn ò gbà á, báyìí ni wọn ò ṣe lè lọ ṣe eré tí baba ńlá wọn dá sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló kọ́kọ́ hó yèè, wọ́n ti mọ físà láti ilé. Mo tún sọ fún wọn pé eré náà wà ní Olympics ní 1904 àti 1908, pé ó ń padà bọ̀ ní Los Angeles ní 2028, ẹni mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n máa fi ṣe é. Ojú wọn là.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ta ọjà náà nípa igi búlúù, mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní kí n má bínú fún ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n fi kúpọ́ọ̀nù ìdá mẹ́wàá ránṣẹ́ kí n fi ra sẹ́ẹ̀tì míì. Sẹ́ẹ̀tì míì kẹ̀!

Ṣé kí ẹ rà á? Tí iléèwé yín ò bá ní nǹkan kan, ẹ rà á, nítorí igi àti tapólì yẹn, àmọ́ ẹ ṣírò owó okùn àti ti bọ́ọ̀lù ìdánrawò mọ́ ọn, tèmi fi bí ọgọ́ta dọ́là lé. Lọ́jọ́ tó bá dé, ẹ má tíì pín in, ẹ fi bọ́ọ̀lù gidi kan wo àpò gbogbo igi lọ́kọ̀ọ̀kan ní ojú, ìṣẹ́jú 15 ò ní gbà yín. Ẹ má sì pín àwọ̀ fún ẹgbẹ́ bí mo ṣe ṣe, ẹ da igi pọ̀, kí ọmọ kan náà má baà máa ru ẹrù igi kan náà lójoojúmọ́. Mo ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta àwọ̀n orí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pẹ̀lú orí ẹ̀ o, àwọ̀n nìkan, tí ẹnikẹ́ni bá mọ̀ ọ́n ní ìtòsí Baltimore ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, ìyàwó mi ti ní mẹ́sàn-án tó kọjá yẹn, ọ̀fẹ́ ni, èyí tó kù á di owó.